Bí A Ṣe Ń Dá Dọ́fíìnì àti Wholphin Mọ̀

Ẹni tó bá ń ra ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín l'Òṣogbo á ti rí heteroclarias, ọmọ tí oríṣi ẹja àrọ̀ méjì, Heterobranchus àti Clarias, bí pọ̀. Heterobranchus ní lẹbẹ ẹlẹ́ran kan nítòsí ìrù, Clarias kò ní in. Ti ọmọ tí àwọn méjèèjì bí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré. Ojú yẹn gan-an ni kí ẹ fi wo wholphin, ọmọ tí oríṣi ẹranko òkun méjì bí pọ̀, tí ẹ bá rí i lórí fóònù.

Ẹ mọ òbí rẹ̀ ná. Ọ̀kan ni dọ́fíìnì Tursiops truncatus, tí ẹnu rẹ̀ yọ síta bí ọrùn ìgò kúkúrú, tó ní àwọ̀ eérú. Èkejì ni Pseudorca crassidens: dúdú, orí roboto, ẹnu tí kò yọ síta, lẹbẹ àyà tó tẹ̀ bí ìgúnpá. Àbùùbùtán ni wọ́n ń pè é, àmọ́ mọ̀lẹ́bí dọ́fíìnì ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè bímọ fún ara wọn.

Eyín ló dájú jù. Tí ẹnu bá là, ẹ ka eyín òkè lápá kan ṣoṣo, kí ẹ sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po 4. Bíi 22 lápá kan, ìyẹn 88 lápapọ̀, dọ́fíìnì ni. Bíi 11, ìyẹn 44, Pseudorca ni. Kekaimalu, wholphin tí wọ́n bí ní ọgbà ẹranko òkun Sea Life Park ní Hawaii lọ́dún 1985, ní 66, nítorí náà 16 tàbí 17 lẹ máa kà. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dájọ́: wholphin ní àwọ̀ eérú tó ṣú, òjìji àti omi jíjìn sì lè mú kí ojúlówó dọ́fíìnì ṣú bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé wholphin yàgàn bí ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹṣin ní kirómósómù (okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá) 64, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní 62. 63 tó kan ìbaaka kò ṣe é pín dọ́gba. Òbí wholphin méjèèjì ní 44. Kekaimalu bí Kawili Kai fún dọ́fíìnì lọ́dún 2004, ọmọ yẹn sì súnmọ́ dọ́fíìnì ju ìyá rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ irú ìran kejì bẹ́ẹ̀ lẹ rí, ẹ má wá eyín 66 mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tí òbí bá yàtọ̀. Ọmọ àdàlù tí wọ́n rí nítòsí erékùṣù Kauai ní Hawaii lọ́dún 2017, oríṣi mọ̀lẹ́bí dọ́fíìnì méjì mìíràn ló bí i: Peponocephala electra ni ìyá rẹ̀, Steno bredanensis ni bàbá. Awọ díẹ̀ tí wọ́n mú lára rẹ̀ láti yẹ DNA rẹ̀ wò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n dájú.