Bó o ṣe máa gun kẹ̀kẹ́ ní Monsal Trail láìsí mọ́tò lẹ́yìn ẹ

Tó o bá wà ní England tó o fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ jìnnà àmọ́ tí mọ́tò ń bà ẹ́ lẹ́rù, Monsal Trail ní Derbyshire ni kó o gbà. Ọ̀nà rélùwéè ni tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní òkè gíga, wọ́n ti rélùwéè náà pa ní 1968, ọ̀nà náà tó máìlì 8.5 láti Bakewell dé Blackwell Mill. O lè háyà kẹ̀kẹ́ ní Hassop Station. Mú jákẹ́ẹ̀tì dání o, ọ̀nà yẹn máa ń gba inú àwọn tọ́nẹ̀lì, ìyẹn ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè, inú wọn sì tutù gan-an, omi á máa kán sí ẹ lọ́rùn, iná ibẹ̀ sì máa ń kú tílẹ̀ bá ti ń ṣú, torí náà so tọ́ọ̀ṣì mọ́ kẹ̀kẹ́. Tó o bá kọjá tọ́nẹ̀lì Headstone, afárá ló kàn, dúró wo odò Wye nísàlẹ̀, ó rẹwà jù! Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn náà pọ̀, tẹ aago ẹ kó o rọra kọjá, ajá wọn ò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ń bọ̀.