Alẹ́ tí mo lọ ta ayò ní Sùúrùlérè

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ta ayò lórí fóònù. Nínú dánfó, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìkòròdú Road, lórí ìlà ní báńkì, ayò ni. Mo ti dé ibi tó le jù nínú géèmù náà, mo sì ń nà án bí ẹni lu bàrà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa wá sọ pé àwọn máa ń kóra jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ní Sùúrùlérè, pé ayò wà, dráàfù wà, Scrabble wà, mo ní kí wọ́n mú mi dání. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ: kí n jókòó ti ọpọ́n níwájú àwọn àgbà, kí n má sì padà sílé ní ọ̀pẹ, ẹni tí ọ̀ta nà nídìí ayò.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ la bọ́ọ́lẹ̀ ní Ojúẹ̀lẹ́gba. Inú ọgbà kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni, lábẹ́ igi fúrúùtù. Àwọn ọ̀dọ́ ló wà nídìí Scrabble, wọ́n dákẹ́ bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Mi ò bá wọn wí. Láti ìgbà tí Wellington Jighere ti di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé Scrabble, ní Perth lọ́dún 2015, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó gbé páálí yẹn tí kì í rò pé òun ló kàn. Ìdí dráàfù ni ariwo wà. Ogún ọmọ níhìn-ín, ogún ọmọ lọ́hùn-ún, lórí ojú ilé ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń là á mọ́ pákó bí ẹni ń kan ìṣó. Ẹni tí wọ́n jẹ ọmọ mẹ́ta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dìde, ó lọ ra bọ́ọ̀lì, kò sì tètè padà.

Ìdí ayò la gbà lọ. Àgbà méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọpọ́n wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sókè: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o!"

Bàbá tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ló dáhùn: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!"

Ẹnì kejì rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ó tẹjú mọ́ ọpọ́n, ó sì gbé itọ́ mì. Mo ti ń gbọ́ kíkí yẹn láti kékeré, àmọ́ mi ò tíì rí ibi tó ti dun ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó dìde, wọ́n ní kí n jókòó. Ọpọ́n náà ti dúdú, etí ilé méjèèjìlá ti ń dán nítorí ìka. Àwọn ọmọ ayò ní àwọ̀ eérú, wọ́n tutù lọ́wọ́. Bàbá kó wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin sínú ilé kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń ta, àtàǹpàkò ló fi ń tì wọ́n bọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó, èmi á ṣì máa wo èyí tó kọ́kọ́ bọ́, wọ́n á ti ní ó kàn mí.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti kọ́kọ́ là. Fóònù kì í kán ẹnikẹ́ni lójú. Nígbà tí mo tiẹ̀ ti ìka bọ ilé Bàbá láti ka ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

"Ojú la fi ń ka ayò níbí."

31 sí 17 ni wọ́n fi lù mí. Àwọn òǹwòran ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú wọn tó ti gbé Accra rí ní oware ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Mo fi kún un pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Antigua, pé warri ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn.

Ọpọ́n kejì ló dùn mí jù, torí mo rò pé mo ti rí wọn mú. Mo ti kó odù, ìyẹn ọmọ tó pọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo, jọ sí ilé mi tó kángun sí ọ̀tún, ọmọ 13. Ilé Bàbá àkọ́kọ́ ní ẹyọ kan péré. Mo ṣírò rẹ̀ pé odù yóò yí ọpọ́n po, ọmọ tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí ilé yẹn, yóò di mẹ́ta, n ó sì jẹ ẹ́, torí ilé tó bá di méjì tàbí mẹ́ta la ń jẹ. Mo ta á. Ọmọ ìkẹyìn kọjá ilé yẹn, ó lọ bọ́ sí èkejì tó ti ní mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ó di márùn-ún. Mi ò jẹ nǹkan kan, mo sì ti fọ́n odù mi dànù.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Odù kì í sọ ọmọ sílé tó ti jáde, ṣe ló ń fò ó. Ṣé fóònù ò sọ fún ẹ ni?"

Fóònù ò sọ fún mi lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fò ó, èmi kàn ń tẹ ojú gíláàsì. Ọdún méjì, mi ò ka odù kan rí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìdajì ọpọ́n kẹta ni wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Àwọn oní-Scrabble ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan létà, àwọn onídráàfù ń wá tọ́ọ̀ṣì. Bàbá ò tilẹ̀ gbórí sókè.

"Bí iná bá lọ, a lè fọwọ́ kà."

Ó jọ pé òfin àtijọ́ ni níbẹ̀. Mo ti ìka bọ odù mi: 14. Mo na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ Bàbá: ẹyọ kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan, lẹ́yìn náà méjì. Mo tún un kà, mo sì rántí ilé tí wọ́n ń fò. Ìgbà tí mo ta á, inú òkùnkùn ni mo ti fi etí gbọ́ kó, kó, kó títí ó fi dé ilé wọn kẹta. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Mo jẹ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ kan.

Bàbá dákẹ́. "Mo rò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. Ká ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lóòótọ́, ilé tó ní méjì ni ìbá bọ́ sí, ìbá di mẹ́rin, ǹ bá sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Wọ́n ò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọmọ mi ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí a ka ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù, 24 ni tiwọn, 24 ni tèmi.

Ẹnì kan tó pẹ́ dé ṣí géètì, ó ń táràrà bọ̀ nínú òkùnkùn. "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o!"

Bàbá wò mí. Èmi náà wò wọ́n.

"Ọ̀mì ni," ni Bàbá wí, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọmọ ayò ní mẹ́rin-mẹ́rin.