Bí ẹ̀rọ bá ní òun kò mọ̀ ọ́n: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú pínpín ìrànwọ́

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ìtẹ̀ka nìkan jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó wà níwájú yín ló ni ìrẹsì tó wà nílẹ̀. Ìyá tó ti fi ọkọ́ àti odó ṣiṣẹ́ láti kékeré, ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ ti parẹ́. Á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Á nu ọwọ́ mọ́ ìró, á tún un tẹ̀, pàbó. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á ti máa kùn. Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá ní àṣẹ láti fi gègé kọ orúkọ Màmá sílẹ̀, kí ó sì fún wọn, ọwọ́ òfo ni wọ́n máa gbé lọ. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ni kí ẹ ti yan ẹni tó ní àṣẹ yẹn.

Ẹ má sì fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ̀kì. Lọ́dún 2013, wọ́n pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù ní Borno, Yobe àti Adamawa nítorí ogun Boko Haram. Lọ́dún 2021, wọ́n ba òpó iná Maiduguri jẹ́, òkùnkùn sì bo ìlú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ra ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ orúkọ sórí ìwé pẹ̀lú. Ìwé ni mo wí, ẹ má tijú.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń bí mi nínú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C. Ẹ̀rọ tó ń ka ìgbóná wà nínú kúlà lóòótọ́, àmọ́ ó di ìgbà tí kúlà bá padà dé kí ẹnikẹ́ni tó wò ó, nígbà tí wọ́n ti gún àwọn ọmọ tán. Ooru nìkan kọ́ ló sì ń bà á jẹ́. Bí ike yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà bá fara kan ìgò àjẹsára tetanus tàbí hepatitis B, ó lè dì. Bó bá yọ́ padà, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ jẹ́ kí yìnyín yọ́ díẹ̀, títí omi á fi máa dún nínú ike bí ẹ bá mì ín, kí ẹ tó tò ó. Kí ẹnì kan sì máa wo ẹ̀rọ náà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan kí kúlà tó kọjá.

Ẹ má gba ohun tí ẹ kò nílò lọ́wọ́ ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àjọ Red Cross àgbáyé kéde pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní 515,000, títí kan àwọn tí ogun yà kúrò lára ẹbí wọn. Ẹ̀wà àti òróró lẹ fẹ́ pín. Kí lẹ fẹ́ fi àwòrán ẹyinjú ọmọdé ṣe? Orúkọ, nọ́ńbà káàdì ìrànwọ́ àti iye ẹni tó wà nínú ilé ti tó.