Àṣìṣe tí ń dá kún másùnmáwo olùkọ́ tí àkàndá ẹ̀dá wà ní kíláàsì rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ tí àkàndá ẹ̀dá àti ẹgbẹ́ wọn jọ ń jókòó ní kíláàsì yín n'Ílọrin, ẹ mọ bó ṣe ń rí tí agogo ìparí bá lù: ohùn ti há, ẹsẹ̀ ti wú. Ọ̀pọ̀ ló ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, tàbí èyí tí kò lè jókòó sójú kan. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ló ń pa wá ju àwọn ọmọ lọ.

Ẹ má pariwo. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ọmọ kan wọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí níwájú. Olùkọ́ kọjú sí pátákó, ó ń kọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ ò rí ẹnu rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà tó bèèrè ìbéèrè, ọmọ ń wò ó ṣáá. Ló bá gbóhùn sókè títí kíláàsì kejì fi gbọ́. Ṣùgbọ́n ariwo àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yẹn ń gbé wọ etí ọmọ. Igbe ò tún nǹkan kan ṣe, ọ̀fun olùkọ́ ló ń bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ tán, ẹ kọjú sí wọn, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ lórí tablet KwaraLEARN, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ẹ má jẹ́ kí tablet bo ẹnu yín.

Ẹ má kọ nóòtì ẹ̀kọ́ mẹ́ta lálaalẹ́ nítorí pé àwọn ọmọ yàtọ̀ síra. Ọ̀kan tó. Ọ̀nà tí ọmọ máa gbà fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n lẹ máa yí padà: ẹnìkan kọ ọ́, ẹnìkan nàka sí i, ẹnìkan fi ìdérí ìgò kà á.

Ẹ má sọ ọmọ kan ṣoṣo di olùtọ́jú ẹnìkejì rẹ̀ látọjọ́ Ajé dé Ẹtì. Òun náà wá kàwé ni.

Ẹ má sì fi ìṣòro pamọ́ fún òbí nítorí ìtìjú. Ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba lè ní gbólóhùn kan tí yóò gbà yín sílẹ̀: "Àǹtí, tí ẹ bá ti sọ fún un ṣáájú pé agogo fẹ́ lù, kò ní í ké." Ẹ wo iye òwúrọ̀ tí igbe yẹn ti gbà lọ́wọ́ yín!

Oògùn ara-ríro lójoojúmọ́ ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò ka irú àárẹ̀ yìí, tí òyìnbó ń pè ní burnout, sí àrùn. Másùnmáwo iṣẹ́ tí a kò bójú tó ni wọ́n ní ó ń fà á. Oògùn ò lè tún iṣẹ́ pín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ká máa ráhùn ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ nìkan. Òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019 ní kí ilé ìwé ìjọba ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sì ní ọmọ 35 ni kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan máa kọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé: iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, irú ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò, ohun tí kò sí. Ẹ fi déètì sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.