Bí mo ṣe ra láfún lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, lójú ọ̀nà Àkànràn

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mi ò bá ọjà. Àtíbàbà òfìfo ni mo bá, pẹ̀lú ewúrẹ́ mẹ́ta tó sùn sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ti sọ fún mi pé ọjà ọrọọrún ni, pé ọjọ́ Ajé lòun ná an kẹ́yìn. Mo wá ka ọjọ́ márùn-ún lé Ajé, mo gbéra ní Sátidé. Bàbá kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló là mí lóye: "Ọmọ mi, ọjọ́ tí a bá ná an gan-an lọ̀kan. Àná lọjà."

Mo fìka kà á níbẹ̀: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti àwọn baba wa ni ọjà abúlé ṣì ń tẹ̀ lé, kò bá ọlọ́jọ́ méje ṣe. Bó bá bọ́ sí Ẹtì lónìí, Ìṣẹ́gun ni yóò tún bọ́ sí. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó náwó ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo kúrò ní Mólété, n'Ìbàdàn. Ọyẹ́ mú. Mo wọ ọkọ̀ Míkírà dé Amúlókò, mo tún wọ òmíràn níbẹ̀. Àwọn alárobọ̀ ló kúnnú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àpò òfìfo tó ká sórí itan. Àwọn ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí ẹlòmíràn nínú wọn á ti lọ pàdé àgbẹ̀ lọ́nà kí ẹrù tó balẹ̀. Bó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ohun tó dáa ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Bódìjà.

Bí a ṣe ń lọ, mo ń rántí pé àgbègbè yìí ni Tafa Adéoyè àtàwọn àgbẹ̀ tó kó jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà tó ṣe olórí rẹ̀ ti dìde sí owó orí lọ́dún 1968 sí 1969. Àgbẹ̀ ìhín mọ iye tí òógùn wọn tó. Ìyẹn ò kúrò lọ́kàn mi jálẹ̀ ọjọ́ náà.

Mo kọ́kọ́ yí ọjà ká láì ra nǹkan kan. Ìgbín wà, epo wà, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti wọ́rọ̀wọ́ tí ìrì ò tíì gbẹ lára wọn wà, agbálùmọ̀ ń pọ́n yòò nínú apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láfún ni mo bá wá.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀. Ègé ni kẹ́ ẹ rà, torí bó bá ti di ìyẹ̀fun, ojú ò lè rí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. Mo mú ègé kan, mo ṣẹ́ ẹ, ó dún pẹ́kẹ́. Inú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Bẹ́ ẹ bá rí ibi tó ti bu, tó dúdú tàbí tó láwọ̀ ewé, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gé díẹ̀ jẹ. Kò sí iyanrìn. Èyí tí wọ́n sá sẹ́bàá títì kì í ṣàìní.

"Orí àpáta ni mo sá a sí," ni ìyá tó ń tà á wí. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin lòun rẹ ẹ̀gẹ́ náà sódò, títí ó fi rọ̀ tí òun ń fọwọ́ fa okùn inú rẹ̀ yọ, kóun tó dì í sápò, kóun sì gbé òkúta lé e kí omi lè ro. Rírẹ yẹn ló ń mú oró ẹ̀gẹ́ kúrò. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀ ń fi ẹ̀mí oníbàárà ṣeré ni. Mo wo ọwọ́ ìyá yìí. Èékánná rẹ̀ ti funfun dé ìdí, àtàǹpàkò rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Mo ti pinnu láti ilé pé ìdajì iye tí wọ́n bá pè ni màá dá. Nígbà tó pe tirẹ̀, ẹnu mi ò gbà á.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀."

"Ọmọ mi, mówó wá. Ajé á jẹ́."

Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ti da kọ́ńgò rẹ̀ dé, ó gbá ìdí rẹ̀ pọ́n-ùn kí n lè rí i pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ó wọn márùn-ún fún mi, ó kún gègèrè, ó sì fi ẹ̀kúnwọ́ méjì ṣe èènì.

Alábàárù kan gbé e dé ọkọ̀ fún mi. Ní Mólété, mo ní kí oníẹ̀rọ fi ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀ fọ ẹ̀rọ kó tó lọ ìyókù, kí èlùbọ́ ẹlòmíràn má bàa sọ ọ́ di dúdú. Mo jọ̀ ọ́, mo rò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, a fi ewédú àti ẹja kíká jẹ ẹ́. Kò kókó rárá.

Mo ti kọ ọjọ́ ọjà tó kù sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná: Sátidé, Ọjọ́rú, Àìkú. Ìyá náà ní òun á bá mi ya kọ́ńgò mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ti Àìkú, bí mo bá ti lè débẹ̀ kí aago méje tó lù.