Ohun Tó Ń Pa Ẹsẹ̀ Katapílà Lọ́wọ́ Wa ní Èkìtì

Ẹni tó bá fẹ́ ra katapílà tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n tan, á máa tẹ́tí sí i. Kò ní bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ owó ẹsẹ̀ yẹn nìkan lè tó ìdajì gbogbo owó àtúnṣe tí ẹ̀rọ oníṣéènì máa jẹ: ṣéènì, bàtà (irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ ilẹ̀), rólà òkè àti ti ìsàlẹ̀, idler iwájú (àgbá tí ṣéènì ń yí gbà níwájú), sprocket (àgbá eléyín) tó ń fa ṣéènì, àti férémù tó ru gbogbo wọn. Aáyan àwa tá a ní ẹ̀rọ gan-an ló sì ń ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. A fẹ́ kí ṣéènì le, kí bàtà fẹ̀, kí irin nípọn.

Ẹ mú ṣéènì wò. Ọpẹrétọ̀ rí i pé ó rọ̀ díẹ̀, ó gbé gírísì gọ́ọ̀nù, ó fún gírísì síbi tó ń ti idler síwájú títí ṣéènì fi le tantan, ó ní kò tún ní bọ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ṣéènì bá yí gba orí sprocket àti idler ni pínnì, irin tó so ṣéènì pọ̀, ń yí nínú bọ́ṣì, irin oníhò tó wọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣe le tó ni wọ́n ṣe máa jẹ ara wọn tó, dísẹ̀lì á sì máa jó lásán.

Ìgbà òjò ló burú jù. Amọ̀ pupa á kó sáàárín eyín sprocket, á dì síbẹ̀, bọ́ṣì tó yẹ kó wọ ìdí eyín á wá máa gun orí amọ̀. Ṣéènì á túbọ̀ le láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún gírísì kún un. Torí náà, bí iṣẹ́ bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n níbi iṣẹ́, tòun ti amọ̀ ara rẹ̀. Fún excavator, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ alápá gígùn, ẹ fi apá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín abẹ́ férémù àti bàtà ní agbedeméjì. Iye tó yẹ wà nínú ìwé ẹ̀rọ, ẹ má fojú díwọ̀n. Nírọ̀lẹ́, kí wọ́n fi ṣọ́bìrì ha amọ̀ náà kúrò kó tó gbẹ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ dẹ ṣéènì, ẹ má ṣí fáàfù gírísì ju yíyí ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ má sì gbé ojú sí iwájú rẹ̀. Gírísì tó wà níbẹ̀ lágbára tó láti wọ ara èèyàn.

Ọ̀rọ̀ bàtà ló máa ń bí mi nínú jù. Ẹ̀rọ 20 tọ́ọ̀nù tí ṣéènì rẹ̀ méjèèjì ń fi mítà 3.6 kanlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí bàtà rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 600, ń fi nǹkan bíi kílò 4,630 tẹ mítà kan níbùú lóròó. Bí bàtà bá di 800, ó bọ́ sí bíi 3,470. Nínú àkùrọ̀, èrè ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta ní Ìkẹ́rẹ́, ó di ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ gun òkè Olósùnta. Òkúta kan ṣoṣo á gbé etí bàtà sókè, bàtà á tẹ̀, bóòtì á dẹ̀, pínnì á máa gbé ẹrù tí wọn kò dá a fún. Bàtà tó kéré jù lọ tí kò ní rì ni kí ẹ lò. Lójú tèmi, ẹ̀rọ tó bá ń fi ọdún mẹ́ta jẹ àpáta kò ní ohun tó fẹ́ fi 800 ṣe.

Ẹ má fẹ̀yìn rìn lọ jìnnà, ẹ má máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo látàárọ̀ dalẹ́. Láti Adó dé Ẹ̀fọ̀n, lóbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ tó ń ru ẹ̀rọ ńlá, ni kó gbé e. Ẹ má sì fi ṣéènì tuntun sórí sprocket tí eyín rẹ̀ ti jẹ di ṣóńṣó, yóò jẹ ẹ́ run.

Ó ku férémù. Ibi tí férémù àárín ti so mọ́ ti ẹ̀gbẹ́, létí ojú ìjórin, ló sábà máa ń ti là: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìpẹtà ń jáde lára rẹ̀. Jórinjórin á lẹ irin pẹlẹbẹ tó nípọn bò ó, á fi rọ́ọ̀dù tó fi ń jó géètì jó o yípo. Ó dára lójú, àmọ́ ìlà náà ṣì wà lábẹ́, ibi tí irin tuntun ti parí lójijì ni ẹrù á sì máa kó jọ sí. Kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ náà á fi là. Kí wọ́n lu ihò kékeré sí ìparí ìlà náà kó má bàa rìn síwájú, kí wọ́n fi gráíńdà gbẹ́ ẹ dé ìdí, kí wọ́n fi iná mú irin náà gbóná, kí wọ́n wá fi rọ́ọ̀dù 7018 tó gbẹ dí i. Èyí tó ti fa omi lásìkò òjò máa ń ti háídírójìn sínú irin, tí irin á fi là lẹ́yìn tó bá tutù tán. Bí irin pẹlẹbẹ bá pọn dandan, kí wọ́n gé orí rẹ̀ kó rí ṣóńṣó.

Kí jórinjórin tó tanná, ẹ yọ orí bátìrì, kí kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ má bàa jó. Kí ó sì so wáyà ilẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jó gan-an. Bí ó bá so ó mọ́ ara ẹ̀rọ lókè, inú bíárín tí òkè fi ń yí ni iná máa gbà kọjá, á sì jó àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀.