Ọ̀dà Àtẹ̀gùn Màmá Onílé

Lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ni mo kun àtẹ̀gùn irin ilé alájà kan ní Kàbà. Àwọn oníṣòwò ń gbé àpò ìrẹsì gùn ún, iyanrìn abẹ́ bàtà wọn ń họ ọ̀dà, irin sì ń dógùn-ún. Nígbà tí màmá onílé ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ jẹ́ "òkun", ìkíni wọn ní Kàbà, tí mo kí i. "Akunlé, ṣé omi lo fi ń kùn ún fún mi ni?"

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń po lẹ́búlẹ́bú òkúta mọ́ ọ̀dà kó lè le. Mábù, òkúta tí wọ́n ń wà ní Jakura ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú, torí ó funfun, kò sì wọ́n. Òfo ni. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs ará Jámánì gbé kalẹ̀ ní 1812, láti 1 dé 10, ipò 3 ni mábù wà. Kúọ́tìsì, òkúta tó ń dán bí ìgò, wà ní 7. Iyanrìn abẹ́ bàtà yẹn gan-an, kúọ́tìsì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀! Báwo ni 3 ṣe fẹ́ da 7 dúró?

Mo bá wá kúọ́tìsì láti apá Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀bẹ ò ràn án, òun ló ń ha ìgò. Inú omi ni mo ti gún un, mo sì bo imú, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ayé. Mo sá a, mo fi asẹ́ ògì jọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ò tíì dárí asẹ́ yẹn jì mí.

Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tó kún agolo mílíìkì 4 ni mo kọ́kọ́ dà sínú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan. Ó ki bí ẹ̀kọ, nígbà tó gbẹ, ó ń bọ́ sọ́wọ́ bí ẹfun: epo inú ọ̀dà ò tó láti di gbogbo ẹyọ òkúta náà mú. Mo dín in kù sí 2. Lẹ́búlẹ́bú náà máa ń rì sísàlẹ̀ ọ̀dà, nítorí náà ọmọṣẹ́ mi ń rò ó bí ẹni ń ro ọkà.

Mo kun àjákù irin mẹ́ta, mo fi sánpépà ha ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 100. Irin yọ lára ti ọ̀dà lásán àti ti mábù. Ti kúọ́tìsì kàn pàdánù dídán rẹ̀ ni.

A ha ìdógùn-ún àtẹ̀gùn kúrò, a kun ọ̀dà pupa ìdí irin, lẹ́yìn náà tiwa. Òjò ọdún kan ti kọjá lórí ẹ̀. Ẹjọ́ tí màmá ń rò báyìí ni pé ó ń fa àkísà ìnulẹ̀ òun ya.